Ojú Kejì Màmá

Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Inú ṣì ń bí mi. Àwọn kan ti ní kí n gbàgbé ẹ̀, wọ́n ní fọ́tò lásán ni, wọ́n ní bánà kì í ṣe èèyàn. Mo gbọ́. Kí wọ́n gbé fọ́tò ìyá tiwọn wá, kí n bá wọn pààrọ̀ ojú ẹ̀, kí n gbé e kọ́ síta gbangba, ká wá wò ó bóyá fọ́tò lásán ni.

Iṣẹ́ gíráfíìkì ni mò ń kọ́, iṣẹ́ kí èèyàn máa fi kọ̀ǹpútà ṣe bánà, pósítà, káàdì àti pátákó ìpolówó. Kì í ṣe pé mo kéré o. Ọmọ mi àkọ́kọ́ ti ga jù mí lọ. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń gbé fóònù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó ń dá àwọn èèyàn lóhùn fúnra ẹ̀, wọ́n wá ní kí n máa lọ sinmi nílé. Ìsinmi wo? Ṣé mo sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí ni? Bí mo ṣe gbéra nìyẹn, mo lọ bá ọ̀gá kan tó ń tẹ bánà lókè ilé ìtajà oògùn, mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ká ní mo tètè lọ́kọ ni, mo lè bí ọ̀gá náà. Ó wò mí tokè-tilẹ̀, ó ní, "Màmá, ọmọ ọ̀hún dà? Ẹ ò mú un dání?"

Mo ní, "Ọmọ wo? Èmi ni mo fẹ́ kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú, kó tó ní kí n wọlé.

Bọ̀dá mi náà rẹ́rìn-ín. Àwa méjì péré ni Màmá bí. Òun ni ẹ̀gbọ́n, kò sì sí nǹkan tí kò mọ̀ láyé yìí, ẹ sáà bi í léèrè. "Iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn," ó ní. "Ṣé o fẹ́ máa bá ọmọ ọlọ́mọ du máòsì ni?" Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Jẹ́ ó lọ. Mi ò bí ọ̀lẹ."

Mo kọ́ ọ o, ẹ má rò pé ó rọrùn. Máòsì yẹn, bí mo bá tì í sọ́tùn-ún, á sá lọ sísàlẹ̀. Nǹkan róbótó àkọ́kọ́ tí mo yà, ọmọbìnrin tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ bi mí bóyá ọ̀dùnkún ni. Eléti là ń pe ọmọ yẹn, torí kì í yọ nǹkan orin kúrò létí. Òun ló kọ́kọ́ pè mí ní Àǹtí Àgbà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì bá a gbè é. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bó o bá ti ṣe àṣìṣe, wàá tẹ̀ ẹ́, àṣìṣe ẹ á pòórá. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ká ní irú ẹ̀ wà nílé ayé ni, bàbá àwọn ọmọ mi kì bá tí mọ ojúlé wa.

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi mọ́ ọn. Mo kọ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ jù lórí bánà, ẹni tó ń kọjá lọ ò ní ka ọ̀kankan. Mo kọ́ pé ibi téèyàn fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí kì í ṣe ìfiṣòfò. Mo kọ́ pé bó o bá fẹ́ kí fọ́tò tóbi, igun ẹ̀ lo máa fà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, torí bó o bá fa ẹ̀gbẹ́, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ á di àgbá. Tí mo bá délé, màá máa wo gbogbo pátákó tó wà lójú ọ̀nà, màá máa bá wọn wí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ mi ò bá mi jáde mọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò sí ojú tó ń wọlé síbẹ̀ tó ń jáde bó ṣe wọlé. "Ẹ fọ̀ ọ́," ni ọ̀gá máa ń wí bí wọ́n bá ti gbé fọ́tò kalẹ̀, òun náà sì ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ní irorẹ́, wọ́n á yọ ọ́. Ẹni tó bá dúdú, wọ́n á sọ ọ́ di pupa. Àpá, ìlà ọrùn, eyín tó yọ síta, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á fọ̀ dànù. Awakọ̀ kan tó fẹ̀yìn tì wá ṣe pósítà níbẹ̀ nígbà kan. Ọkùnrin náà dúdú bíi kóró iṣin, ó ń dán, èèyàn dáadáa. Nígbà tí pósítà jáde, ó ti pupa fòò. Ìyàwó ẹ̀ wá gbé e, ó wò ó yí ká, ó ní, "Èyí ti ẹlòmíràn. Ti ọkọ mi dà?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò gbọ́? Ìyàwó ẹ̀ ò dá a mọ̀."

Ó ní, "Àǹtí Àgbà, kò sẹ́ni tó ń wá síbí kó lè jọ ara ẹ̀. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ wá kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi. Ọmọ iṣẹ́ ni mí, kí ni mo fẹ́ wí?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá pè mí sídìí kọ̀ǹpútà ńlá, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í fọwọ́ kàn. "Àǹtí Àgbà," ó ní, "ẹ ń gbìyànjú. Iṣẹ́ oníbàárà tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe rè é. Ilé ìránṣọ tuntun kan ni wọ́n fẹ́ ṣí. Wọ́n fẹ́ bánà gàgàrà tó máa wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ìyá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló máa wà lórí ẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ojú ẹ̀ kan ti fọ́, ẹ bá wọn ṣe òmíràn sí i."

Inú mi dùn débi pé etí mi ò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ oníbàárà! Mo jókòó, mo ṣí fọ́tò náà. Màmá mi ni.

Màmá mi, tí mo fi sílẹ̀ nílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó ń bá ẹnì kan gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó dojú kọ ẹni tó ń yà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà. Bọ̀dá mi ló fi fóònù ẹ̀ yà á nígbà tó wá kí wa, ó ní òun á máa wò ó bí àárò bá ń sọ òun. Ojú ọ̀tún Màmá mọ́ kedere, ó ń wo èèyàn tààrà. Ojú òsì funfun, ìpéǹpéjú ẹ̀ sì ti wálẹ̀ bo ìdajì ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ló fọ́ ọ. Àpò ìwé ọmọ kan ni Màmá ń rán, aṣọ tó le bí awọ, ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bá ṣẹ́, ó sì ta sí i lójú. Bàbá wa ti lọ síbi tí àgbà ń rè nígbà yẹn. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ ìránṣọ ti parí nìyẹn. Màmá ti ọsíbítù dé, bándéèjì ṣì wà lójú ẹ̀, ó ní kí n bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó jókòó, ó parí àpò náà, torí pé ọmọ tó ni ín ń padà síléèwé. Nígbà tó yá, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka wá ihò abẹ́rẹ́. Bó bá sì fẹ́ wo nǹkan dáadáa, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú tó dáa lè rí gbogbo ẹ̀. Ojú kan yẹn ló fi rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò. Òun náà ló fi rán Bọ̀dá mi níléèwé títí ó fi dèèyàn ńlá.

A kúkú mọ̀ pé Bọ̀dá mi fẹ́ ṣí ilé ìránṣọ. Ó ti sọ fún wa pé àwòrán Màmá lòun máa gbé síwájú ẹ̀, kí ayé lè mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Màmá ṣàdúrà fún un títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Bọ̀dá mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé ojú kan ò tó òun.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ mọ ẹni tí èyí jẹ́?"

"Ìyá oníbàárà."

"Ìyá mi ni."

"Háà! Ẹ kú oríire o!" Ó na ọwọ́ pé kí n bọ òun lọ́wọ́. Mi ò bọ̀ ọ́.

"Mi ò ní ṣe é," mo ní.

"Ẹ ò ní ṣe kí ni?"

"Mi ò ní fi ojú kankan sí i. Ojú tó ní nìyẹn."

Ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni! Ó ní kí n dìde díẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Ẹ wò mí." Ó fi máòsì fa ìlà yí ojú tó dáa ká, ó ṣe ẹ̀dà ẹ̀, ó yí i kó lè kọjú sí apá kejì, ó wọ́ ọ lọ bo ojú tó fọ́, ó wá fi nǹkan pa etí ẹ̀ rẹ́. Kó tó gbéra, ó ti sọ awọ ẹ̀ di pupa, ó ti nu ìlà ọrùn ẹ̀ nù. Èèyàn ò tíì ní mu ife omi kan tán. Màmá mi kúrò níbẹ̀ níṣojú mi, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá jókòó sídìí ẹ̀rọ wa.

"Ẹ ò tiẹ̀ ṣe é dáadáa," mo ní. "Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá wa, apá ọ̀tún Màmá ló wà. Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ inú ojú gidi, apá ọ̀tún ló ti ń tàn. Ẹ wo èyí tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, apá òsì ló ti ń tàn. Fèrèsé wo nìyẹn?"

"Ta ló fẹ́ gun àkàbà lọ wo ìmọ́lẹ̀ nínú ojú?"

"Èmi!"

Ó mí kanlẹ̀. "Àǹtí Àgbà, oníbàárà ló ní ká ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe ohun tí oníbàárà fẹ́, ẹ ò tíì ṣe tán láti kọ́ iṣẹ́ yìí."

Mo ní kó máa gbádùn kọ̀ǹpútà ẹ̀. Mo mú báàgì mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Eléti yọ nǹkan etí ẹ̀, ó ń wò mí tìyanu-tìyanu.

Ilé ìránṣọ tuntun náà ò jìnnà. Ọ̀dà ń rùn níbẹ̀, àwọn ère aláìlórí tí wọ́n máa wọ aṣọ fún sì tò kalẹ̀ bí àlejò tí kò rí àga. Bọ̀dá mi ń fi ìka júwe ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ sí. Èmi tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí i láti òkèèrè, mi ò kí i.

"Bọ̀dá, kí ni ojú Màmá fi ṣe yín?"

Ó wò mí. "Ta ló fi hàn ọ́?"

"Ibi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lẹ gbé e lọ! Èmi ni wọ́n ní kí n lẹ ojú mọ́ ọn!"

"Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí bí ojú mi ṣe rí, ó pa ẹ̀rín náà mọ́ra. "Ó dáa, gbọ́ ná. Ọjà ni. Ta ló máa rí olójú kan lẹ́nu ọ̀nà tó ṣì máa gbé aṣọ wọlé? Wọ́n á ní aránṣọ tí ò ríran ni."

"Tí ò ríran? Gbogbo àdúgbò ló gbé aṣọ fún un! Aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí, ta ló rán an? Ẹ rí ibi tó wọ́ nínú ẹ̀?"

"Má pariwo mọ́ mi."

"Màá pariwo!"

Ó lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn tó fi sọ ọ́, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rí. "O kéré nígbà yẹn, o ò lè mọ̀. Bí Màmá bá wá mú mi níléèwé, àwọn ọmọ á fi ọwọ́ bo ojú kan, wọ́n á máa ta gìẹ́gìẹ́ kiri ọgbà. Ọmọ Olójú Kan ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn èèyàn máa wo ìyá mi tí wọn ò ní rẹ́rìn-ín."

Mi ò ní purọ́, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ìbínú mi ò lọ, ńṣe ló tún le sí i. "Àwọn ọmọ yẹn ló bú yín, Bọ̀dá. Kí ni ti Màmá nínú ẹ̀? Ṣé ẹ rí wọn bá wí ni? Ẹni tí ò bú yín rí lẹ wá lọ ń gbẹ̀san lára ẹ̀."

"Ẹ̀san kẹ̀? Mo ní mo fẹ́ kó rẹwà!"

"Ó rẹwà!"

"Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú, ìwọ lo fẹ́ máa sọ ohun tó rẹwà fún mi? Ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Kó o sì gbọ́ o, ìyàlẹ́nu ni mo fẹ́ fi ṣe fún un. Bó o bá lọ sọ ọ́, ìwọ lo ba inú ẹ̀ jẹ́, kì í ṣe èmi."

Ẹ rí ọgbọ́n àgbà yẹn? Ó di ẹrù tiẹ̀, ó gbé e rù mí, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń dá sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bọ́ sí òdìkejì títì.

Nígbà tí mo délé, Màmá ń rán aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ní wọ́n ti fẹ́ parí àwòrán mi," ó ní. "Ṣé mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀? Kò jẹ́ kí n múra lọ́jọ́ yẹn, ó kàn yà mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mò ń jà."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi. Kí ni kí n sọ? Pé ọmọ tẹ́ ẹ bí ń tijú yín? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ìyá ẹni, kó wá kọ́ mi. Mo gbé e mì, ó sì korò. Mo wọ yàrá, mo bá pílò jà.

Bọ̀dá mi ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tó yà á. Mo gba kọ̀ǹpútà ọmọ mi, mo jókòó tì í, mo ní èmi náà á ṣe bánà tèmi. Mo gbé Màmá sápá kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹ̀ àti fèrèsé ẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ojú ẹ̀, mi ò fọwọ́ kan awọ ẹ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ lápá kejì, mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbẹ̀, mo tú u, mo tún un kọ. Lẹ́tà kan ń wọ́, mo bá a fà á títí ó fi gbọ́ràn. Nígbà tí mo parí, mo rí i pé iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ Màmá mi ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n máa mọ̀ ọ́n. Mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá mi. Ó fèsì pé: "O gbìyànjú. Jókòó jẹ́ẹ́." Jókòó jẹ́ẹ́! Èmi, abiyamọ!

Ọjọ́ pé. Àwọn aládùúgbò wá, àwọn tí Màmá ti ránṣọ fún láti ìgbà pípẹ́ wá, àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀dá mi náà wá pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ríbọ́ọ̀nù pupa kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lára ògiri, wọ́n fi aṣọ funfun bo bánà. Bọ̀dá mi gbé sísọ́ọ̀sì tuntun lé Màmá lọ́wọ́, ó ní Màmá ni yóò gé ríbọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n kí òun kọ́kọ́ fi nǹkan hàn án. Màmá ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ tuntun ẹ̀ bá a lára mu. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Ẹ wo ìyá mi!" Bọ̀dá mi pariwo, ó sì fa aṣọ funfun náà wálẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin pupa olójú méjì náà ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa. Mo gbọ́ tí obìnrin kan bi ẹnì kejì ẹ̀ pé, "Ta nìyẹn? Ìyá ìyàwó ẹ̀ ni?"

Màmá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wò ó. Àtẹ́wọ́ tán, ó ṣì ń wò ó.

"Ta nìyẹn?" ó ní.

"Ẹ̀yin ni, Màmá!"

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ò rí bẹ́ ẹ ṣe dán?"

Màmá yíjú sí àwọn èèyàn. Ó ní, "Ẹ gbé àga wá."

Gbogbo èèyàn rò pé ó rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan sáré gbé àga wá, Màmá fi ẹsẹ̀ tì í dé ìdí bánà náà, ó sì gùn ún. Èmi àti Bọ̀dá mi sáré lọ di àga mú, èmi lápá kan, òun lápá kejì. Màmá fi ìka tọ́ ojú inú bánà náà wò bó ṣe máa ń tọ́ aṣọ wò kó tó gé e. Ó tọ́ ojú ọ̀tún, ó fi í sílẹ̀. Ó dé ojú òsì, ó ki ṣóńṣó sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ó ń gé e. Ó gé e yípo bí ẹni ń gé ọrùn aṣọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Bánà ò rọ̀ bí aṣọ, gbogbo wa là ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Nígbà tó tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ojú náà sí àtẹ́lẹwọ́ Bọ̀dá mi, ó sì bá a pa ìka ẹ̀ dé lé e lórí.

"Gba nǹkan ẹ," ó ní. Kò pariwo. "Mi ò tọrọ ojú lọ́wọ́ ẹ. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ fọ́ tèmi, ojú ò tì mí. Mo jáde bẹ́ẹ̀, mo rìn láàárín èèyàn, mo wá mú ọ níléèwé, ojú ò tì mí rí. Òní ni ojú tì mí."

Bọ̀dá mi di ojú náà mú nínú ìkúùkù ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, níwájú gbogbo àwọn oníkóòtù yẹn. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé, "Ṣé mi ò wí?" Ni Màmá bá yíjú sí mi.

"Ìwọ tó ò ń kọ́ iṣẹ́ yìí. O mọ̀ sí i?"

"Mo mọ̀, Màmá. Mo bá wọn jà. Mo kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nítorí ẹ̀. Mo tún ṣe òmíràn, mo—"

"O bá wọn jà. O bá mi sọ ọ́?"

"Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni."

"Ojú ta ni?"

Mo tẹjú mọ́ àga tí mo dì mú.

"Mo ní ojú ta ni? Ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ẹ ń já ojú mi gbà mọ́ ara yín lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé orí mi ló wà."

Ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gé ríbọ́ọ̀nù náà, ó wọlé. Èmi àti Bọ̀dá mi dúró síta tàwa ti àga lọ́wọ́, a ń wo ara wa, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ tẹ̀lé e wọlé.